Ẹ Bi Ilé Léèrè Kí Ẹ Tó Fẹ́ra

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Sátidé tó kọjá ni ẹ wá kí mi nílé mi ní Adabraka, ní Gáná níbí, ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ, pẹ̀lú káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo ṣàdúrà títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Lẹ́yìn àdúrà ni mo béèrè pé, "Jẹ́nótáìpù yín ńkọ́?" Ìwọ ọmọbìnrin mi rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti ṣe sickling fún mi, nẹ́gátíìfù ni. Tiẹ̀ ló jẹ́ pọ́sítíìfù. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí nínú tèmi, kò séwu." Àlejò kún inú ilé lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lójú wọn. Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lóru. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, gbogbo ọ̀dọ́ wa láti Tudu dé Asylum Down ni mo sì fẹ́ kó kà á, torí ohun tí o sọ yẹn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ìyá mi ń tà. Á wọ mọ́tò ní ìdàájí lọ sí ọjà Agomanya nílẹ̀ Krobo, á rà á lápò lápò, á gbé e wálé sí Adabraka níbí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la máa ń tú u sórí ẹní, tí a ó máa ṣà á ní àwọ̀ àwọ̀, tí a ó sì máa sín in sókùn. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ìka rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ a sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí òjò bá ti rọ̀ tí òtútù mú, á ju ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, á di ojúgun mú, á ní eegun ń ro òun. Ìyá mi á gbé omi gbígbóná kaná, á máa fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwọn àgbà ilé ní àbíkú ni. Ọmọ méjì ti kú ṣáájú rẹ̀, wọ́n ní òun kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n fi abẹ là á lára kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run má baà gbà á mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní irú orúkọ tí à ń sọ wọ́n, irú bíi Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé. Ọdún 1958 ló lọ, ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò sí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é ni àwa Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn tí a jọ ń gbélé pọ̀ níbí ní orúkọ tiwọn fún un. Gã ń pè é ní chwechweechwe, àwọn tó ń sọ Twi ní ahotutuo, Ewe ní nuidudui, Krobo ní hemkom. Ẹ pe mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn sókè, ẹ ó gbọ́ bí ahọ́n ṣe ń padà sórí ohun kan náà, bí ẹni pé nǹkan ń gé eegun jẹ tí kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹni tó kó àwọn orúkọ wọ̀nyí jọ, tó fi wọ́n han àwọn oníṣègùn ayé, ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni: Dókítà Felix Konotey-Ahulu.

Ọmọ Krobo ni. Odumase ni wọ́n bí i sí ní 1930, kò jìnnà rárá sí ọjà tí ìyá mi ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ara àwọn méjèèjì le koko, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn gbé àbùdá àìsàn yìí pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan nínú ọmọ ìyá rẹ̀ sì jẹ ìyà rẹ̀. Ó lọ kọ́ ìṣègùn ní London, ó gboyè ní 1959, ó padà wálé, ó wá di ẹni tó ń darí ibi ìtọ́jú àwọn tó ní àìsàn yìí ní ilé ìwòsàn Korle Bu. Ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó jọ mí lójú jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ló fi ṣe é. Ó yí padà sí ìdílé òun fúnra rẹ̀. Ta ló ní hemkom? Ọmọ ta ni? Ta ló bí ìyá rẹ̀? Ó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ láti ọmọ dé bàbá, láti bàbá dé baba ńlá, pẹ̀lú orúkọ olúkúlùkù, títí ó fi kan ọdún 1670. Ní 1974, ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà.

Ẹ ro ó wò. Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé ni pé James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1910 pé òun rí ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, lára ọmọ Grenada kan tó wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Òótọ́ ni, Herrick rí i. Ṣùgbọ́n ní òjìlénígba ọdún ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìdílé kan wà ní ilẹ̀ Krobo níbí tí ó ti mọ̀ ọ́n, tí ó ti fún un lórúkọ, tí ó sì ń rántí ẹni tó pa. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ Konotey-Ahulu ṣeé ṣe nìyẹn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dárúkọ òkú wọn. Ká ní ilé tiwa ló wá, orí ẹ̀gbọ́n mi ni ì bá ti já.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ ṣe fàájì ní Osu lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí náà. Nígbà tí wọ́n bá rí irú haemoglobin kan, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i ni wọ́n sábà máa ń fi pè é. Ní 1968, Konotey-Ahulu àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nínú wọn ni Bela Ringelhann ọmọ Hungary àti Hermann Lehmann ti Cambridge, kéde Haemoglobin Korle-Bu. Ní 1971, wọ́n tún kéde Haemoglobin Osu-Christiansborg. Ìlú tí ẹ ń rìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ wà nínú ìwé àwọn tó ń wádìí ẹ̀jẹ̀ káàkiri ayé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò sickling tí o sọ fún mi. Haemoglobin ni ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ ló rí. Ọ̀kan nínú àwọn okùn rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́jọ tí a sín tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé haemoglobin àwọn tó ní àìsàn yìí yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa di 1957, Vernon Ingram ní Cambridge ti rí ibi tó ti yàtọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan. Wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi òmíràn sí i, ìyókù wà bó ṣe wà. Àwọn baba wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré, òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín kù lára, kó dí òpó tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kí ọmọ máa ké lóru. Èyí ni wọ́n ń pè ní S; èyí tí kò yí padà ni A.

Ṣùgbọ́n ní ibi kẹfà kan náà yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn tún wà tó lè bọ́ síbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní C. C wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí gan-an, pàápàá ní apá àríwá Gáná àti Burkina Faso, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá náà. Ẹni tó ní A pẹ̀lú C kì í ṣàìsàn. Òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Àyẹ̀wò sickling tí wọ́n ṣe fún ọ, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ díẹ̀, wọ́n á fi oògùn fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá á tẹ̀ bí dòjé. S á tẹ̀. C kì í tẹ̀. "Nẹ́gátíìfù" tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ ń sọ pé o kò ní S. Kò sọ pé AA ni ọ́. Bàbá rẹ jẹ́ ọmọ wa, ṣùgbọ́n ọmọ Bolgatanga ni ìyá rẹ, ibi tí C ti pọ̀ jù nìyẹn.

Tí ìwọ bá jẹ́ AC, tí òun sì jẹ́ AS, ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Okùn méjì wà lọ́wọ́ bàbá, méjì wà lọ́wọ́ ìyá, ẹnì kọ̀ọ̀kan á fún ọmọ ní ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń yàn. Ọmọ náà lè gba A àti A. Ó lè gba A àti S, tàbí A àti C. Ó sì lè gba S lọ́wọ́ bàbá, kó gba C lọ́wọ́ ìyá, kó di SC, àìsàn sì nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ má sì ṣe rò pé tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti ní i, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Gbogbo oyún ló ń mú okùn tirẹ̀ lákọ̀tun. Ìrora SC lè má pọ̀ tó ti SS, ṣùgbọ́n ó ń ba ojú jẹ́, ó ń jẹ egungun ìbàdí, ó sì máa ń yọ àwọn aboyún lẹ́nu nígbà tí wọn kò retí. Àyẹ̀wò tó ń fi A, S àti C hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní haemoglobin electrophoresis. Orúkọ rẹ̀ gùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará láàbù.

Ẹnìkejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ni Kwaku Ohene-Frempong. Kukurantumi ni wọ́n bí i sí ní 1946, ó lọ sí Prempeh College ní Kumasi, ó sì wọ Yale ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń kàwé tó sì ń sá eré fífo igi. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nípa àìsàn yìí, ló bá yé e pé ohun tó ń ṣe àwọn ẹbí òun kan nílé nìyẹn. Ní 1972, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin fún un. Ọmọ náà ní in. Kò sá. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, ó di ògbóǹtarìgì ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia. Ṣùgbọ́n Gáná kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1995, àwọn tó kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún àwọn ìkókó ní gìgísẹ̀ ní Kumasi àti àgbègbè rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kán sórí bébà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bíi méjì ló ní àìsàn náà. Ó dá àjọ Sickle Cell Foundation of Ghana sílẹ̀ ní 2004. Ọmọ rẹ̀ kú ní 2013, lẹ́ni ogójì ọdún àti díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní oṣù karùn-ún 2022, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ọjọ́ ikú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìkókó ló lọ bá? Mo ti ronú lórí èyí gan-an, nítorí òun ló tú ọ̀rọ̀ àbíkú fún mi. Ọmọ tuntun kì í ti ní haemoglobin àgbà lára púpọ̀. Èyí tó bá a wá láti inú oyún ló ń dáàbò bò ó ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, á sanra, gbogbo ilé á máa gbé e jó. Tó bá wá ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́fà, tàbí tó lé díẹ̀, ààbò yẹn á lọ. Ọwọ́ á wú, ẹsẹ̀ á wú bí ẹni tí nǹkan ta, ara á gbóná, nígbà mìíràn ọmọ á kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìyá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ni ì bá pè é? N kò bú àwọn àgbà wa. Wọ́n rí i dáadáa, pé ọmọ kan náà ń bọ̀, nínú ìdílé kan náà, pẹ̀lú àìsàn kan náà. Ohun tí wọn kò ní ni míkírósíkóòpù. Ní báyìí, tí àwọn dókítà bá mọ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n á máa fún ọmọ ní pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí á fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, oògùn ibà náà kò ní jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dàgbà lónìí, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń bímọ. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ní in wà ní Korle Bu, Ghana Institute of Clinical Genetics ni wọ́n ń pè é.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ègún ni. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tó ní AS kì í tètè bọ́ sọ́wọ́ ibà líle. Ibà ló jẹ́ kí S pọ̀ láàárín wa, torí àwọn ọmọ tó ní AS ló ń là á já. Ní Ìbàdàn náà, Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1964 sí 1974, àti Essien Usanga pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn, fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í fẹ́ wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí èròjà G6PD bá ti dín kù nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa ti ń bá ibà jà kó tó di pé ìwé dé.

Àwa Yorùbá náà kò dákẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní 2002 láti ya àwòrán bí jíìnì ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, èyí tí wọ́n pè ní HapMap, àádọ́rùn-ún nínú ènìyàn 270 tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Yunifásítì Benin, wà lára àwọn tó jókòó bá àwọn ará Ìbàdàn sọ ọ́ yé wọn kí wọ́n tó gbà. Olufunmilayo Olopade, tó gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn ní 1980, ń wádìí jẹjẹrẹ ọmú láàárín àwọn obìnrin wa láti Chicago, bí ó ṣe ń ti ara ìyá tàbí bàbá bọ́ sí ọmọ. Ìbéèrè tí irú wọn ń kọ́kọ́ béèrè náà nìyẹn: ta ló ní in nílé yín? Àwọn obìnrin mélòó ló ń lọ síwájú dókítà láìmọ̀ pé ohun kan náà ló pa ìyá àgbà wọn, torí wọ́n sọ fún wọn pé "inú rírun" ló pa á?

Ní oṣù Kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún jíìnì àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ṣe, Casgevy ni wọ́n pè é. Ó ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Mo dúpẹ́ pé ó wà. Ṣùgbọ́n èmi ò ní dọ́là, ẹ̀yin náà ò ní in, owó àyẹ̀wò kan ni a ní.

Ó ku ohun kan tí mo ní láti sọ, ọmọbìnrin mi, ìwọ ni mo sì ń sọ ọ́ fún. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáná níbí ní kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A kó ẹrù, a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni àbúrò mi, bàbá bàbá rẹ, ti fẹ́ ìyàwó. Ayé ìgbà náà, wọ́n ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Alárinà wá, ó jókòó, ó béèrè bóyá àìsàn kan wà nílé wa tí ó yẹ kí àwọn mọ̀. Bàbá mi ní, "Rárá o, ilé wa mọ́." Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́. Mo rántí ojúgun ẹ̀gbọ́n mi àti aṣọ tí ìyá mi ń fi tẹ̀ ẹ́. Mo dákẹ́. Bàbá rẹ ní ẹ̀gbọ́n, ọmọ. O kò gbọ́ rí, torí a kò sọ fún ọ. 1976 ni wọ́n bí i, ọwọ́ rẹ̀ wú ní oṣù keje, kò pé ọmọ ọdún mẹ́ta tó fi lọ. Ìyá rẹ̀ sunkún lójú mi, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ṣé ẹ mọ̀?" Mo ní n kò mọ̀.

N kò ní kí ẹ má fẹ́ra. Ẹ ti dàgbà, ìfẹ́ yín sì dùn mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ẹ sì mú ìpinnu yín pẹ̀lú ojú yín lílà. Ọjọ́ Ajé, kí aago méje tó lù, ẹ wá gbé mi. A ó jọ lọ sí láàbù, èmi ni n ó sanwó.

Kí ẹ tó wá, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan àti bírò. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Bàbá mi àti ìyá mi bí ọmọ méje. Àkọ́bí, ọkùnrin, kú kó tó pé ọdún kan. Ìkejì, obìnrin, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ní oṣù kẹjọ, ó kú. Ìkẹta ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá dé, n ó pè é fún yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.